Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé àti Àpò Alájẹṣẹ́kù

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ṣàngó-Ọ̀tà)



Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, ohun kan ń kọ wá lóminú. Ẹni tó yá owó láti san owó ilé-ìwé ọmọ, bí a bá bi í léèrè, á ní ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé ìdajì rẹ̀ mì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní ìyá kan ń ra ẹ̀fọ́ ₦500 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. ₦2,000 nìyẹn, kí ọdún tó yí po, ó ti di ₦104,000.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ké sí gbogbo ènìyàn, nínú ètò Operation Feed the Nation, pé kí wọ́n gbin oúnjẹ sí àyíká ilé wọn. Nígbà tó fi ipò sílẹ̀ ní 1979, Ọ̀tà níbí ló wá dáko sí. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà. Ní 2016, kòkòrò ba oko tòmáàtì jẹ́ ní Kàdúná. Ní ìparí oṣù Kejì 2021, àwọn oníṣòwò Òkè-Ọya dá oúnjẹ dúró, kò wá sí ìhà tiwa. Ẹni tó ní tẹ̀tẹ̀ àti ewúro lẹ́yìnkùlé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín. Àwa náà pinnu nígbà kan pé a kò ní ra ewé kankan mọ́. Etí gọ́tà tí omi ilé-iṣẹ́ kan ń gbà kọjá la gbìn ín sí. Ẹ̀fọ́ náà tutù yọ̀yọ̀. Àgbàlagbà àdúgbò kan ló bi wá pé, "Ọ̀gá, omi wo lẹ ń bu sí i?" A fà á tu dànù. Ewé lè dára lójú kí òjé wà nínú rẹ̀. Fífọ̀ kò sì lè yọ ohun tí gbòǹgbò ti fà mu. Ọmọdé ni òjé ń pa lára jù. Ní Zamfara ní 2010, èyí tó jáde níbi ìwakùsà wúrà pa ọmọ tó tó 400.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ dúdú láti ibi tó jìnnà sí ilé-iṣẹ́, ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pò ó, ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Omi tí ẹ̀yin fúnra yín lè mu ni kí ẹ bu sí i. Tẹ̀tẹ̀ á tó já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewúro, ẹ̀ẹ̀kan la ń gbìn ín, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń já a. Tòmáàtì àti àlùbọ́sà tí apá wa kò ká, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ rà wọ́n ní odidi apẹ̀rẹ̀ àti odidi àpò, kí a pín in. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Alájẹṣẹ́kù lorúkọ wa. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Kí olúkúlùkù fi àpò mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀fọ́ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e wá fún akápò. A ó máa wò ó nínú ìwé.