Wo Ẹ̀yìn Kẹ́ẹ̀gì: Ọ́ìlì àti Fílítà fún Alùpùpù Tó Ń Lọ Ọ̀nà Jíjìn

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà tí ẹ ń gbọ́ mi, tàbí ẹ ń kà á lórí fóònù yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ abẹ́ bíríìjì Sàngó, ẹ káàbọ̀. Ọ́ìlì la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò o. Ọ́ìlì alùpùpù ni, pàápàá alùpùpù tí èèyàn fẹ́ gùn lọ ọ̀nà jíjìn: láti Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta, tàbí láti Sàngó gba Àtàn àti Òwòdé lọ sí Ìdírókò, títí wọ Àjàṣẹ́ àti Kútọnu.

Ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì kan ní Ojú-Ọrẹ tàbí Ìyànà Ìyẹ̀sí, kí ẹ kàn máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń gun máṣíìnì ń béèrè. Ìbéèrè méjì lẹ máa gbọ́ jù: "Èló ni?" àti "Èwo ló nípọn jù?" Èmi kò bá wọn jà lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, gbogbo wa la mọ bí owó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì: "Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì yìí?" Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú mọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì jíà. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò oníjíà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, gbígbẹ ló sábà máa ń wà, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, látorí Bajaj Boxer àti Honda CG125 títí dé orí àwọn ńlá bíi Honda Africa Twin, ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń mú ooru kúrò lára rẹ̀. Kì í jẹ́ kí àwọn jíà jẹ ara wọn. Inú rẹ̀ kan náà ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì rì sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò òde òní, pàápàá àwọn tó fúyẹ́ bíi 0W-20 àti 5W-30, ni wọ́n ti po èròjà mọ́ kí irin lè máa yọ̀ lórí irin, kí mọ́tò má baà jẹ epo bẹntiróòlù púpọ̀. Fún mọ́tò, ó dáa. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù kò fẹ́ kí nǹkan yọ̀ jù. Dídi ara wọn mú ni àwọn àwo rẹ̀ fi ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Tí wọ́n bá ń yọ̀, agbára ò ní í dé ìsàlẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀nà Ìdírókò lẹ wà, ẹ ti kọjá Àtàn, ẹ dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ tí àlọ àti àbọ̀ ń pín ẹ̀gbẹ́ kan. Èèyàn kan wà lẹ́yìn yín, báàgì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tírélà kan ń wọ́ lọ níwájú, ẹ fẹ́ yà á sílẹ̀. Ẹ fún máṣíìnì níná. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n máṣíìnì ò sáré. Ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀. Ní àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí la wá fẹ́ wò lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì? Lẹ́tà mẹ́rin kan: JASO. Ilẹ̀ Japan ni ìlànà náà ti wá. Ní 1998 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní JASO T 903 jáde fún ọ́ìlì alùpùpù four-stroke, nítorí pé ọ́ìlì mọ́tò ti ń yọ̀ jù fún kílọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n pín in sí méjì. MA ni èyí tí kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. MB ni èyí tó ń yọ̀, ti scooter tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì ni. Ní 2006, wọ́n tún pín MA sí MA1 àti MA2, MA2 ló ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì di ara mú jù. Nítorí náà, tí máṣíìnì yín bá ní kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọ́ìlì, MA tàbí MA2 lẹ ń wá. Tí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ dá kẹ́ẹ̀gì padà sórí pẹpẹ, bó ti wù kí àwòrán máṣíìnì tó wà níwájú rẹ̀ dára tó.

Ẹ ṣọ́ra fún JASO FB, FC àti FD. JASO náà ni o, ṣùgbọ́n ti two-stroke nìyẹn, irú ọ́ìlì tí à ń pò mọ́ bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ẹ́ńjìnnì four-stroke.

Ọ̀tà kún fún tírélà, ọ́ìlì dísù sì wà káàkiri, ẹlòmíràn á sì wọ̀n ọ́n fún yín látinú àgbá. Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, API tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, bíi SJ, SL tàbí SN, ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CI-4, ti dísù ni. Àwọn ọ́ìlì kan ní méjèèjì lára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa kò yí padà: ṣé JASO MA wà níbẹ̀? Ọ́ìlì inú àgbá kò sì ní ẹ̀yìn tí ẹ fẹ́ kà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí nọ́ḿbà. 20W-50, 10W-40, kí ni wọ́n túmọ̀ sí? W yẹn, òtútù ló ń sọ. Láti mọ 10W, inú òtútù tó tó dígírì 25 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa yí wò. Ọ̀tà kò rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà ọyẹ́. Nọ́ḿbà kejì ló kàn wá jù: ó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó nígbà tó bá gbóná dé dígírì 100, bí omi ṣe ń hó. 50 nípọn ju 40 lọ.

Tí ó bá jẹ́ máṣíìnì kékeré tí atẹ́gùn ń mú tutù, tó ń dúró nínú gosílóò láti Tollgate dé Jóòjú láìrí atẹ́gùn, 20W-50 ni wọ́n sábà máa ń yàn fún un nílẹ̀ olóoru. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ máṣíìnì ńlá tuntun tí omi ń mú tutù, ó lè jẹ́ 10W-40 tàbí 10W-30 ni ìwé rẹ̀ sọ. Ẹ má sọ pé "èyí tó nípọn ló dáa" kí ẹ wá da 50 sí i. Àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, èyí tí ìwé sọ ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ kọ orúkọ máṣíìnì yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú "owner's manual" sínú Google, PDF rẹ̀ sábà máa ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀ ńlá. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ló ń lo ọ́ìlì kan fún iṣẹ́ mẹ́ta. BMW R1200GS ti àtijọ́, èyí tí omi ò tíì máa mú tutù, kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló ní, ọ́ìlì jíà rẹ̀ sì dá wà. Ọ̀pọ̀ Harley-Davidson náà ní ọ́ìlì ọ̀tọ̀ fún jíà. Tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan tí ẹ gbàgbé èkejì, jíà máa sọ fún yín lọ́nà.

Ó kan fílítà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí máṣíìnì yín ní. Honda CG125, fún àpẹẹrẹ, kò ní fílítà onípépà. Asẹ́ onírin kékeré ló ní, pẹ̀lú nǹkan roboto kan tó ń yí kíákíá tí ìdọ̀tí á fi lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú. Ẹ ò ní í ra tuntun, fífọ̀ ni. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín kó yọ asẹ́ náà, kó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wò ó kó tó dá a padà. Tí ẹ bá rí ègé irin tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ má rìnrìn àjò kankan títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti wá.

Àwọn máṣíìnì ńlá ló ní fílítà onípépà. Òmíràn wà nínú ilé rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, òmíràn dà bí agolo tí à ń yí mọ́ ìta. Iṣẹ́ fílítà ju asẹ́ lọ. Fáàfù kan wà, yálà nínú rẹ̀ tàbí nínú ẹ́ńjìnnì: tí pépà bá dí, fáàfù á ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá, nítorí ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn ju kí ọ́ìlì má dé ibẹ̀ rárá. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé fílítà tó ti dí kò ní í pariwo. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí á sì máa yí inú rẹ̀ ká. Nítorí náà, ẹ má dúró de àmì. Ẹ pààrọ̀ fílítà nígbà tí ìwé bá sọ. Èmi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò gígùn pẹ̀lú fílítà tó ti ń sún mọ́ òpin.

Nígbà tí ẹ bá ń ra á, nọ́ḿbà rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Agolo méjì lè jọra, kí okùn ìyíwọlé wọn yàtọ̀ tàbí kí fáàfù wọn má ṣe dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ rí i pé rọ́bà ti àtijọ́ kò lẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, nítorí rọ́bà méjì lórí ara wọn máa jẹ́ kí ọ́ìlì tú jáde lórí eré. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun lára, kí ẹ sì má fi agbára sípánà de agolo náà pa.

Ẹ má gbàgbé fílítà afẹ́fẹ́. Eruku ọ̀nà wa àti ti ọyẹ́, tó bá wọlé, ọ́ìlì tó dáa jù lọ láyé kò lè gba písítìnnì sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ fóòmù, ẹ lè fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ọ́ìlì rẹ̀ pa á, kí ẹ sì fún un. Èyí tó jẹ́ pépà, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Báwo la ṣe fẹ́ yẹra fún ayédèrú? Ẹ wo ìdè ìdérí, ẹ wo nọ́ḿbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ wá àmì MANCAP ti àjọ SON. Àwọn tó ń bójú tó JASO ní Japan náà máa ń gbé àkójọ ọ́ìlì tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá lo ọ́ìlì tán, ẹ fi ọ̀bẹ ya kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ tó jù ú nù. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó mọ́ ni ọjà àwọn oníayédèrú.

Tí ẹ bá ń rọ ọ́ìlì, ẹ rọ ìwọ̀n tí ìwé sọ. Máṣíìnì kékeré lè má gbà ju bíi lítà kan, ńlá lè gba lítà 3 sí 4. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni: ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń hó fòfò, ó sì máa ń wá ibi tó máa gbà jáde. Èyí tí ẹ sì tú sílẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà. Àwọn tó ń fi pa pákó ìkọ́lé wà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún wọn.

Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó, ọjọ́ 41 gbáko, láti polongo ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Tí ẹ bá ń la ìlú kọjá bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ọ́ìlì á máa yí padà, èdè ara kẹ́ẹ̀gì á di Faransé tí ẹ bá ti kọjá Ìdírókò. Ṣùgbọ́n JASO MA2 ní Kútọnu, òun náà ni JASO MA2 ní Lomé, òun náà ni ní Sàngó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ mọ lẹ́tà, kí ẹ má kàn mọ àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbé ìdajì lítà sínú báàgì, ẹ máa wo géèjì láràárọ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń gun máṣíìnì, àti sí bùọ̀dá ọlọ́kadà tó máa ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀mí yín náà wà lórí ọ́ìlì yẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà á jẹ́ tiwa o.