Òṣùwọ̀n Ìjọba Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ilẹ̀ Lárúbáwá



Ẹni tí kò bá wọn nǹkan kò lè mọ̀ bóyá ó pọ̀ sí i tàbí ó dín kù. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń gbé ìròyìn jáde ní ọdún méjì-méjì lórí bí orílẹ̀-èdè 193 ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: èkíní, iṣẹ́ tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì, bí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe tàn kálẹ̀ tó, ẹ̀kẹta, ìmọ̀ ìwé àwọn ará ìlú.

Nínú òṣùwọ̀n yìí, ipò 43 ni ilẹ̀ Saudi wà ní ọdún 2020. Ní 2022, ó bọ́ sí ipò 31. Ní 2024, ó di ẹ̀kẹfà ní gbogbo àgbáyé. Ní ọdún kan náà, Emirates wà ní ipò 11, Bahrain sì wà ní ipò 18. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba: Lárúbáwá náà ni Yemen àti Sudan, níbi tí ogun ti ba nǹkan jẹ́. Oríyìn Saudi kò bo ìyà ti Yemen mọ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kírun ní Rawdah, nínú mọ́sálásí Ànábì ní Mọdínà, orí Nusuk nínú fóònù ni ó ti ń gba ìyọ̀ǹda. Lójú òṣùwọ̀n, iṣẹ́ náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti parí. Bàbá arúgbó tí kò mọ fóònù lò ńkọ́? Ojú ẹlòmíràn ni yóò máa wò. Òṣùwọ̀n tí ó ka iṣẹ́ nìkan kò rí bàbá yìí rárá.

Irú àlàfo yìí ni ESCWA, ẹ̀ka Àjọ náà tí ó fi Beirut ṣe ibùjókòó, fẹ́ dí tí ó fi gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀, GEMS, kalẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá. Ó ń bèèrè bóyá iṣẹ́ náà wà, bóyá àwọn ènìyàn ń lò ó tí ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn, àti bóyá ìjọba kéde rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú a máa kún lójú, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ kò pé. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan gba ipò gíga, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí kóńgò wò: ta ni iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ni ó sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn?