Kíláàsì Ọmọdé: Ohun tí Sínágọ́gù Lè Kọ́ Ilé Ifá

(Àsọyé tí a ṣe ní Festac Town, Èkó)

 

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò dá lórí odù kankan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn Júù ń ṣe fún àwọn ọmọ wọn nínú sínágọ́gù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú pé kí ló kan babaláwo nínú ọ̀rọ̀ Júù. Ó kàn mí, nítorí pé nínú gbogbo ẹ̀sìn tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ kò pọ̀ tí mo ti kà nípa wọn, n kò rí èyí tó fi kíláàsì ọmọdé gba ara rẹ̀ là bíi tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ẹni tó bá ń ná ọjà ní Trade Fair mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìgbò pọ̀ gidigidi nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Láàrin àwọn Ìgbò, a rí àwọn kan tí wọ́n gbà pé ọmọ Ísírẹ́lì ni àwọn, tí wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀sìn Júù. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì kò tíì kà wọ́n sí Júù, n kò sì wá síbí láti dá ẹjọ́ ìran. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wú mi lórí. Ní Àbújá, wọ́n ní sínágọ́gù tí à ń pè ní Gihon. William Miles, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa àwọn Júù Nàìjíríà tó jáde ní ọdún 2013. Ó ròyìn bar mitzvah ọmọdékùnrin kan níbẹ̀, èyíinì ni ayẹyẹ tí ọmọ tó bá pé ọdún 13 fi ń ka Tórà ní èdè Hébérù níwájú ìjọ. Hébérù kì í ṣe èdè ilé wọn. Ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ. Àwa tí a bá èdè tiwa lẹ́nu ìyá wa, ọmọ ọdún 13 mélòó ló wà láti First Avenue títí dé Seventh Avenue tó lè ki ẹsẹ Ifá kan já?

Ọ̀nà tí àwọn Júù ń gbà ṣe é ti pẹ́. Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó òfin àti àríyànjiyàn àwọn àgbà wọn jọ sí, sọ nípa olórí àlùfáà kan, Joshua ọmọ Gamla, tó wà láyé ní ìgbà tí Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ṣì wà, kí àwọn ará Róòmù tó wó o ní ọdún 70. Ṣáájú rẹ̀, baba ló ń kọ́ ọmọ. Ọmọ tí kò ní baba kò rí ẹni kọ́ ọ. Ó ṣètò pé kí olùkọ́ wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 6 tàbí 7. Talmud kan náà sọ iye: ọmọ 25 fún olùkọ́ kan, bí wọ́n bá di 40, kí ìlú fún un ní igbákejì, bí wọ́n bá di 50, kí olùkọ́ di méjì. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí ju ìwàásù lọ. Ẹni tó jókòó ro iye ọmọ tí agbára olùkọ́ kan ká ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò gba owó.

Ní Yúróòpù, heder ni wọ́n ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. “Yàrá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọlé, àṣà wà láàrin wọn pé kí wọ́n fi oyin sórí lẹ́tà, kí ọmọ lá a. Àwa náà ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, oyin ti tán lẹ́nu ọmọ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó gbọ́ ohun tí a fi wúre fún un.

Nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi, n ó dúró díẹ̀ síbí. Fún bí ọdún 1,700, Hébérù kì í ṣe èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ ṣeré. Yiddish, Ladino àti Lárúbáwá wà lára èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tí Eliezer Ben-Yehuda dé Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1881, ó pinnu pé Hébérù nìkan ni ọmọ òun yóò máa gbọ́ nínú ilé. Wọ́n máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló jí èdè dìde. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó bá sọ̀rọ̀ ti mọ Hébérù kà láti kékeré. Bí kò bá sí heder, ta ni ì bá dá a lóhùn?

Tiwa yàtọ̀. Yorùbá ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn, ṣùgbọ́n èdè inú Ifá wà lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún wa ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Inú mi dùn, mo jó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ wa kan ṣì ń lọ sí kíláàsì ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹni tó mọ orúkọ wọn, tó sì ń béèrè wọn bí wọn kò bá wá.

Àwọn kan yóò ní àṣà ṣọ́ọ̀ṣì ni kíkó ọmọ jọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1838, ní Philadelphia, Rebecca Gratz wo bí àwọn Kristẹni ṣe ń ṣe tiwọn, ó sì dá ti Júù sílẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń kọ́ni níbẹ̀. Àwọn tó dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀ ní Èkó náà yá nínú ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin ni mo ń wò.

Kíláàsì kò lè rọ́pò ìkọ́fá o. Ọmọ awo tó ń gbé lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀, tó ń bá a já ewé fún ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kíláàsì wà fún ọmọ tí yóò di nọ́ọ̀sì tàbí mẹkáníìkì, tí yóò ṣì mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń kúnlẹ̀ níwájú Ifá.

Àwọn Júù fúnra wọn ń ráhùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í padà wá mọ́ lẹ́yìn bar mitzvah. Òmíràn ń ka Hébérù geere láìmọ ohun tó ń kà. Mo ti ń rí tiwa lọ́ọ̀ọ́kán: ọmọ tí a ó da ẹsẹ Ifá sí lórí bí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, kí a lè ya fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Kí ọmọ mọ ẹsẹ mẹ́jọ lọ́dún kan, kí ó lè bi wá ní ìbéèrè lórí wọn, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju àádọ́ta lọ.

Ọmọ Festac tí kò gbọ́ Yorùbá ńkọ́? Ẹ fi èdè tó gbọ́ ṣàlàyé fún un, ìbáà jẹ́ Pijin, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ wà ní Yorùbá. Nínú ọfọ̀, orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń rán an níṣẹ́ sábà máa ń dún jọra. Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé ìyẹn.

Òfin kò dí wa lọ́wọ́. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì fún ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Yàrá kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní i ní Festac tàbí Àmúwò, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá ní ọjọ́ Àìkú. Ọmọ 25 ni a ó gbà. Olùkọ́ yóò jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn Ìyánífá, a ó sì máa san owó fún wọn lóṣooṣù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iye tí ẹ lè máa dá.