Obìnrin Tí Ó Wí fún Aláṣẹ Pé Rárá

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Alákíà)

  Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìwé, wọ́n sì tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ọ́ di kíláàsì, nítorí pé iyán ti ń tutù lọ. Mo ti gbọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá: bí obìnrin bá tàpá sí àṣẹ ọba, ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn ará Gíríìkì ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó délé wá bá àwa náà ní Ìbàdàn ní 1874.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń pè ní akọni inú eré oníbànújẹ́. Kì í ṣe ìkà paraku, kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì nì, ní àárín méjèèjì ni ó yẹ kí ó wà: ẹni ńlá tí àṣìṣe kan gbé ṣubú. Ẹ ó rántí Ọdẹ́wálé nínú The Gods Are Not to Blame, eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ni Rótìmí wọ̀ ní agbádá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka ìwé náà fún ìdánwò; ẹ má díbọ́n pé ẹ ti gbàgbé!

Sophocles yìí kan náà ni ó kọ Antigone, tí wọ́n ṣe ní ìlú Athens ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Jésù. Ọmọ ìyá méjì, Eteocles àti Polynices, ń du oyè ìlú Thebes, wọ́n sì pa ara wọn lójú ìjà. Creon, arákùnrin ìyá wọn, gorí oyè. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀yẹ sin Eteocles, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òkú Polynices sílẹ̀ fún ajá àti ẹyẹ, nítorí pé ó kó ogun wá ja ìlú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sin ín, pípa ni. Antigone, arábìnrin wọn, ní òun kò gbà. Ó ní òfin àwọn òrìṣà lórí òkú ju àṣẹ ọba lọ. Ó bu yẹ̀pẹ̀ sí òkú náà lára. Wọ́n mú un, kò sì sẹ́.

Àwa tí a mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ta ni nínú wa tí yóò béèrè pé kí ló dé tó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu?

Ohun tí ó wá dun Creon wọra ni pé obìnrin ni. Ismene, tí òun àti Antigone jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ti kìlọ̀ fún un pé obìnrin kì í bá ọkùnrin wọ̀jà. Creon fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé obìnrin kankan kò ní pàṣẹ lé òun lórí. Ẹ sì wò ó o: ní Athens ìgbà náà, obìnrin kì í dá sí ìpàdé ìlú. Ọkùnrin tó bo ojú ni ó ń ṣe ipa obìnrin lórí ìtàgé. Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí Antigone ro ẹjọ́ rẹ̀ tán lójú ọba.

Creon sé e mọ́ inú ihò àpáta láàyè. Haemon, ọmọ ọba, tí ó fẹ́ fi Antigone ṣaya, bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ ní kọ̀rọ̀. Ó kọ etí ikún. Ìgbà tí ọba yóò fi yí ọkàn padà, ọmọbìnrin náà ti pokùn so. Haemon gún ara rẹ̀ pa, ìyá Haemon náà sì pa ara rẹ̀. Ilé ọba dahoro nítorí pé bàbá ti sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ kó ọ jẹ.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé ìtàn yìí wá sílé nínú Tègònni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ní 1994. Níbẹ̀, ọmọ ọba Yorùbá ni ó dojú kọ gómìnà òyìnbó. Ọdún kan ṣáájú ni àwọn ológun fagi lé ìbò June 12. Ẹni tó bá mọ ìgbà náà mọ ibi tí òkò ń lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tí a bá dé Thebes? Àárín Ìbàdàn tí a lè wọ mọ́tò láti Alákíà dé kíá ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti jẹ Ìyálóde. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, oníṣòwò pàtàkì, olóko ńlá, tí ó ń ta ohun ìjà fún àwọn jagunjagun láwìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré nípa rẹ̀, ó jáde ní 1970, ó sì wọ ilé-ìwé káàkiri. Nínú eré náà, ẹrúbìnrin tó bá lóyún nílé Ìyálóde, ó kú. Bí Adétutù ṣe kú nìyẹn. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà wá ṣẹ́gun rẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ìwé ìtàn Samuel Johnson wá ńkọ́? Ó ní ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí Ìyálóde lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ ẹrú nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Kò sí níbẹ̀! Látòósà àti àwọn olóyè yòókù náà lẹ́rú. Àìtẹríba ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, 1874. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n pa á. Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, ni wọ́n fi owó yí lọ́kàn padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1977, ti jẹ́ kó yé wa pé oyè ìṣèlú gidi ni Ìyálóde, tí ó ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ohùn yẹn ni wọ́n pa lóru.

Ẹ gbọ́ ná, mi ò wá fọ Ẹfúnṣetán mọ́ o. Ẹni tó ra èèyàn bíi tirẹ̀, kí ni a fẹ́ fi fọ̀ ọ́? Ohun tí mo rí ni pé níwájú Ààrẹ, Antigone ni. Nínú ilé ara rẹ̀, láàrin àwọn ẹrú, Creon ni. Ẹni kan náà ni. Tí a bá ka ti Ààrẹ nìkan, a ó ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Tí a bá ka ti Adétutù nìkan, a ó ní ó tọ́ sí i. Àfi kí a ka méjèèjì pọ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Lọ́jọ́ tí a wà ní kíláàsì, gbogbo wa rò pé Antigone ni wá, tíṣà sì ni Creon (ẹ má bínú, ẹ̀yin tíṣà wa). Lónìí, àwa ni ọ̀gá níbi iṣẹ́, àwa ni bàbá àti ìyá nílé, àwa ni alága ìjọ. Ọmọbìnrin kan wà nílé tó ní òun kò fẹ́ ọkọ tí a yàn, tàbí akọ̀wé kan tó ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé tí kò tọ́. Ṣé a ń jẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ wọn tán? Àbí "ta ló bí ọ?" ni ìdáhùn wa? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Creon ìbá gbọ́ ti Haemon, ìbá máà sin ọmọ àti aya lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bẹ̀ kan parí ọ̀rọ̀. Lára owó tí ẹgbẹ́ wa máa dá lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí á ra ìwé eré wọ̀nyí fún àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé báyìí. Kí wọ́n ṣe ìgbẹ́jọ́ Ẹfúnṣetán lórí ìtàgé. Kí Ààrẹ ka ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí Adétutù náà jẹ́rìí. Kí Ìyálóde wá dìde, kí ó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, nítorí kò rí àyè bẹ́ẹ̀ ní 1874. Kí àwọn ọmọ náà dá ẹjọ́ fúnra wọn, kí àwa àgbà jókòó, kí á tẹ́tí.

  Ó yá, ẹ jẹ́ kí á lọ bá iyán.