Níbo Ni Kí Á Gbé Bàbá Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kánò, Kàdúná, Zaria àti Jọ́ọ̀sì ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn ún sọ. Òun ni ọ̀rọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ tí ń kọlu àwọn àgbà wa, àti iye owó tí ilé ìwòsàn ń béèrè láti tọ́jú wọn, èyí tí kì í bára dọ́gba láti ìlú kan sí èkejì.

Àṣà kan ti wọ̀ wá lára. Bí bàbá tí ó ti ń ṣòwò níhìn-ín láti ìgbà èwe rẹ̀ bá ṣubú lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ń jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, "Ẹ jẹ́ kí á gbé wọn lọ sílé." Wọn a ní owó ìtọ́jú ní Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó ti ibí, pé àwọn ará ilé yóò dá owó jọ, àti pé bí ọlọ́jọ́ bá tilẹ̀ dé, kò ní jẹ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. A mọ ohun tí ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á jókòó ṣírò owó náà.

Ọ̀nà méjì ni rọpárọsẹ̀ ń gbà wá. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ dídì a dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ. Nígbà mìíràn iṣan náà a bẹ́. Ojú lásán kò lè mọ èwo ni èwo. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ, tí àwọn dókítà ń pè ní CT, ni yóò fi í hàn. Òògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì gbọ́dọ̀ wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un láìkọ́kọ́ ya àwòrán, nítorí ó lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, bí irú èyí tí ó wà ní Kánò, ní Shika lẹ́bàá Zaria, ní Jọ́ọ̀sì, ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn, ni a ti sábà máa ń rí ẹ̀rọ yìí, bí kò bá bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ìlú kékeré kì í sábà ní in.

Ibẹ̀ ni ìṣírò wa ti ń yí padà. Owó bẹ́ẹ̀dì ìlú kékeré lè kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀rọ níbẹ̀, a ó tún san owó ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, a ó san owó àwòrán, a ó sì san owó kádì lẹ́ẹ̀mejì. Èyí kò tíì kan owó ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn láti Kánò gba Tegina, Mokwa àti Jẹ́bà kọjá. Kí ọkọ̀ náà tó dé, wákàtí 4 àti ààbọ̀ yẹn ti kọjá tipẹ́. Ohun tí ọpọlọ pàdánù lójú ọ̀nà, kò sí owó tí ó lè rà á padà, ìdílé ni yóò sì máa fi ọdún púpọ̀ bọ́ ẹni tí kò lè dá dìde mọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí kò ní gbà wọ́n láìsan owó àsansílẹ̀." Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni ìjìyà rẹ̀. A mọ̀ pé wọ́n ń kọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ òfin máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ta ni ń san owó náà? Nínú ₦100 tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ₦70 tí ń ti àpò ìdílé jáde. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé ènìyàn 97 nínú 100, lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì kọjá 49, ni kò ní ìdójútòfò ìlera rárá. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n dandan inú ìwé kò tíì di ti ojúlé. Ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ka òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ 4 tí kò tíì pé ọdún 18. Bàbá àti ìyá kò sí níbẹ̀, àfi bí ènìyàn bá san owó lọ́tọ̀. Bí òyìnbó ti ń ka ẹbí ni ẹni tí ó kọ ìlànà yìí kà á. Ìyá ni àwa ìbá kọ́kọ́ kọ. Àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ní ètò tiwọn, ilé ìwòsàn tí ènìyàn bá sì yàn ni yóò máa lò. Nítorí náà, ẹni tí ó forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ìyá náà sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kàdúná, kí ó tún un rò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn nínú yín wà, ìjọba ní ètò Medicare fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Láti ọdún 1983 ni ó ti ń san iye kan pàtó lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó ń fi owó oṣù òṣìṣẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ìwọ̀n, tí àrùn kan náà fi ń ní iye tí ó yàtọ̀. Ìyàtọ̀ tiwọn ni pé kì í ṣe àpò ọmọ ni ìjọba kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé, a kò ní kí bàbá má lọ sílé. Lẹ́yìn tí ẹ̀mí bá dúró ni ìnáwó tí ó gùn jù máa ń bẹ̀rẹ̀: àwọn tí ń bá aláìsàn na apá àti ẹsẹ̀, ẹni tí yóò máa gbé e dìde, pámpáàsì, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ojoojúmọ́, tí owó rẹ̀ ti fò sókè láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023. Níhìn-ín ni ilé ti dára ju àjò lọ. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyàwó ilé a máa ṣe láìgba owó iṣẹ́ tí àjèjì yóò gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ni a sábà ń di ẹrù yìí lé lórí, tí a kì í sì í bi wọ́n bóyá ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á tọ́jú ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi tí àrùn ti bá wọn, kí á sì gbé wọn lọ sílé nígbà tí dókítà bá ní ara wọn ti gbà á.

Ohun tí ó wọ́n kéré jù ni wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Ọ̀wọ́lábí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà fi ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018: ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo ohun tí ń fà á. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ará ìgbèríko ní ìdójútòfò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn wọn ṣe, ìwádìí tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ ju ti àdúgbò tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ béèrè ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù tí ó ní ẹ̀rọ CT, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóru, àti iye tí wọn yóò gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ kan tí ń gbé nítòsí tì í, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọmọdé ilé pẹ̀lú yóò ti lè rí i kà.