Lítíréṣọ̀ Alohùn Lórí Linux: Yíyan Ètò Ìtò Fídíò fún Olùbẹ̀rẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò dúró sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ń fi fídíò gba ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn ti di ẹni tí ń gé àwòrán, tí ń tò ó, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń ṣí lọ sórí Linux, ètò ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí kò ní kí a ra ẹ̀rọ tuntun. Movie Maker tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ iṣẹ́ yìí kò bá wa débẹ̀: Microsoft ti ṣíwọ́ pípín in láti oṣù kìíní ọdún 2017, wọn kò sì ṣe é fún Linux rí.

Kí a tó ṣí, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa. Fáìlì iṣẹ́ tí ètò ìtò ń tọ́jú kì í ṣe fídíò. Ó dà bí ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n sí. Aṣọ fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ètò mìíràn kì í sábà lè ka ìwé náà. Ẹni tí ó bá kó fáìlì iṣẹ́ nìkan lọ, tí ó pa fídíò ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ti pàdánù ohùn apohùn tí ó ṣeé ṣe kí ó ti kú.

Mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí fún olùbẹ̀rẹ̀: OpenShot, Shotcut àti Kdenlive. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti Mac, nítorí náà bí a bá tún pààrọ̀ ètò ìpìlẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ wa lè bá wa lọ. OpenShot ni ó rọrùn jù láti kọ́. Èmi fúnra mi fara mọ́ Kdenlive, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ kún díẹ̀, nítorí ó lè ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára yóò lè gbé nígbà tí a bá ń gé fídíò. Àwọn ọ̀dọ́ a máa yin DaVinci Resolve fún mi. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ lórí Linux kò fi ka fídíò H.264, irú èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù ń gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù ni àmì ohùn. Nínú Unicode, ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ọ àti àmì ni a ń so pọ̀. Bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá dára, àmì yóò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà. Ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìjálá kò gbọdọ̀ sọ ọ̀kọ̀ ọdẹ di ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Gentium àti Charis ń gbé àmì wa dáadáa.

Nítorí náà, ẹ mú ìṣẹ́jú kan nínú fídíò yín. Ẹ gé e, ẹ so ó pọ̀, ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e jáde ní MP4, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí àmì bá dúró síbi tí ẹ fi í sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.