Òfin Ìbímọ Dé Ìsọ̀ Wa

 

Ẹ̀tọ́ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Tí èèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, ọkàn rẹ̀ á lọ sí báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá, níbi tí wọ́n ti ń bi ọmọbìnrin pé ìgbà wo ló máa bímọ. Wọn kì í bi ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ọjà wa níbí la fẹ́ dúró sí. Ta ni ọ̀gá nínú ọjà? Ṣebí àwa náà ni. Ọ̀pọ̀ wa ló gba ọmọbìnrin tó ń bá wa tajà, tí à ń sanwó oṣù fún. Tó bá wá lóyún ńkọ́? Ohun tí à ń gbọ́ káàkiri ọjà ni pé, “Máa lọ sílé, tó o bá bímọ tán, kó o padà wá wò ó bóyá àyè ṣì wà.” Kó tó dé, ẹlòmíì ti jókòó síbẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 54 kan iléeṣẹ́ ìjọba, ó kan òwò aládàáni náà. Bí dókítà bá ti kọ̀wé pé ìbímọ kò ní ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ mọ́, obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ 6 tó tẹ̀lé ìbímọ, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá. Tó bá ti lo oṣù 6 lọ́dọ̀ wa, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Tó bá padà dé, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kó fi fún ọmọ lọ́yàn. A ò sì gbọdọ̀ dá a dúró nígbà tó wà nínú ìsinmi náà.

Àwọn kan á ní, “Èrè wo ló wà lórí tòmátì tí màá fi sanwó fún ẹni tí kò wá?” Wọn ò parọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdọọdún, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn lè yá a láìsí èlé.

Ọjà ti ń jà fún ẹ̀tọ́ tipẹ́. Ní 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tó bá ń pa ju £50 lọ lọ́dún. Ìyá Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, kó àwọn obìnrin ọjà jáde, ìjọba sì sún un dé £200. Àwọn ọmọ tó ń bá wa tajà ò ní Pelewura tiwọn.

Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Láti 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 10 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹ mọ iṣẹ́ tó wà nílé.

Ìwé àdéhùn olójú kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sí i, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tí ẹ ń san. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ̀ka. Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó gbà á padà.